Bọ́ọ̀lù Ẹ̀yìn Odi: Láti Awoyaya Dé Ìkẹ́nnẹ́

Bí ọ̀sán Sátidé bá ti ń yí sí ìrọ̀lẹ́ ní Awoyaya, ariwo ló máa sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti etí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ títí wọ inú àdúgbò, fíúìn sẹ́ńtà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní: páànù lórí, bẹ́ǹṣì gígùn nílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n lára ògiri pákó, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé. Ọmọkùnrin tí kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí ń sunkún Arsenal bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kọ oúnjẹ alẹ́ nítorí Manchester United. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ní Chelsea tèmi. Àmọ́ ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Bet9ja nìyẹn, àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébà àti báírò. Kúnlé Soname, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ yẹn sílẹ̀, ló ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. Ó tún ra ẹgbẹ́ Feirense nílẹ̀ Potogí ní 2015. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí bọ́ọ̀lù Sípéènì níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn lè jí láàárọ̀ Sọ́ńdè, kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kó wo bọ́ọ̀lù ojúkorojú, kó sì padà wá sùn sórí ẹní rẹ̀ lálẹ́. Kò jẹ́ lọ ni.

Àwa kan ń lọ. Ẹgbẹ́ wa kò lórúkọ, a ò sì tó ohun tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí: púlọ́ḿbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Alága torí òun ló dàgbà jù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta páìpù àti tánkì omi létí títì, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó jẹ́ Akápò wa, àti èmi. Ìbàdàn ni Alága ti wá, bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ilé kíkọ́ fà wá sí ọ̀nà Lẹ́kí. Nígbà tó ń bọ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì kó Shooting Stars, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, mọ́ ọn. Súùtìn lòun mọ̀, Súùtìn ló sì kó ràn wá. Ẹni tó bá ń gbé Awoyaya tó ní Súùtìn lòun ń ṣe, kò sí bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe ìrìn àjò fún un. Bí wọ́n gbá a nílé ní pápá Adámásìngbà n'Íbàdàn, ẹ̀yìn odi ni. Bí wọ́n lọ gbá a lọ́dọ̀ onílé, ẹ̀yìn odi lọ́nà méjì ni.

Èkó kì í ṣe ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láyé àtijọ́. Bàbá Akápò wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹlẹ́gbẹ́ Stationery Stores ni títí ó fi kú. Israel Adébájọ̀ ló dá Stores sílẹ̀ ní 1958. Adébájọ̀ kú ní 1969, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń ki àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn: Adebajo Babes. Wọ́n gba ife Challenge ní 1967 àti 1968, wọ́n tún gbà á ní 1982 àti 1990, wọ́n sì gba líìgì ní 1992. Bí Stores bá ń lọ bá Súùtìn n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: àwọn ará Èkó á ti gbéra láti òwúrọ̀, ìlù nínú mólúè, orin èébú lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Stores rọ, Julius Berger tó gba líìgì ní 1991 àti 2000 kásẹ̀ nílẹ̀, First Bank lọ, NEPA lọ. Ilé iṣẹ́ ló ni púpọ̀ nínú wọn, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá sì ti ní òun ò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ di ìtàn. Àsìkò yẹn gan-an ni díìṣì ń wọ ilé kiri. Ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó lẹ́yìn 2000 kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ nílé tó lè bá bàbá rẹ̀ lọ wò, Chelsea ló bá nínú tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, ẹni bá ní àwọn ọ̀dọ́ kò nífẹ̀ẹ́ ohun tiwa, ẹ bá mi bi í léèrè pé èwo ni tiwọn tí wọ́n fi sílẹ̀.

Lóòótọ́, nǹkan ti ń yí padà. Sporting Lagos dé ní 2022. Ikorodu City wọ líìgì àgbà ní 2024, wọ́n sì mú gbogbo wa lójú dáadáa. Ṣùgbọ́n Oníkan, ní pápá tí wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson pè, ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ẹ wo ọmọ Ìkòròdú tó máa la Mile 12 àti Kẹ́tu kọjá kó tó dé "ilé" ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa tó wà lẹ́yìn Ajah náà kò sàn jù ú lọ: ká tó bọ́ lọ́wọ́ Ṣàngótẹ̀dó, ká bọ́ lọ́wọ́ Ajah, ká tó rí ibi tí Lẹ́kí parí sí, wọ́n ti lè jẹ góòlù méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ará Awoyaya sún mọ́ Ìkẹ́nnẹ́ ju bí ó ṣe rò lọ. Gbogbo ọkọ̀ ń rọ́ lọ sí Èkó, àwa kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀nà kan ò wọjà, a sì máa ń jiyàn lórí èyí tí a máa gbà. Ọmọ wa oní-páìpù fẹ́ràn kí ọkọ̀ gba inú Èkó bọ́ sí títì Ìbàdàn, kó yà ní Ṣàgámù. Alága kò ní gbà. "Ẹ jẹ́ ká gba Ẹ̀pẹ́ o jàre, mi ò fẹ́ wàásù ní títì márosẹ̀." Ohun tó ń wí ni gosiló àwọn tó ń ti ìsìn Sọ́ńdè bọ̀. Sienna la sábà máa ń háyà, nítorí a máa ń rí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ tó máa dara pọ̀, owó epo á sì fúyẹ́. Láti Awoyaya ẹ ó kọjá Lakowe, ẹ ó kọjá Bogije, títí dé oríta Ẹlẹ́kọ. Tírélà ló gba ibẹ̀ kan báyìí, nítorí ilé ìfọpo Dangote àti èbúté tuntun tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ epo tó gùn bí ọjọ́ tí ebi ń pani á dábùú ọ̀nà, awakọ̀ rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ sẹ́yìn máa wò ó bíi pé ẹlòmíì ló gbé e síbẹ̀. Bí ẹ bá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀nà já geere. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà Ẹlẹ́kọ sí Ẹ̀pẹ́, táyà ń kọrin lórí rẹ̀.

A kì í kọjá Ẹ̀pẹ́ láìdúró. Ìyá kan wà tó máa ń dín ẹja létí ọ̀nà, epo rẹ̀ máa ń hó yéè bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Kì í yọ ẹja títí egungun ìrù fi máa pọ́n. Bébà ìwé ìròyìn ló fi ń wé e, ẹ ó máa jù ú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì torí ó gbóná, ata gígún á ti wà nígun bébà lọ́tọ̀. Ó bi wá níjọ́ kan pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìnáwó ta lẹ ń lọ?"

Alága dá a lóhùn pé, "Ìyá, bọ́ọ̀lù la fẹ́ lọ wò n'Íkẹ́nnẹ́."

"Bọ́ọ̀lù? Ṣé iná ò sí ní Lẹ́kí yín ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Ó fi ẹja kékeré kan lé e fún wa, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ohun tí à ń wá lọ.

Láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìjẹ̀bú-Òde bọ́ sí títì Ṣàgámù sí Bìní, Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni, kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹ má ṣe pe àwọn ará ibẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lójú wọn o, Rẹ́mọ ni wọ́n. Pápá Remo Stars kò tóbi, ẹgbẹ̀rún èèyàn mélòó kan ni yóò kún un. Nínú pápá kékeré yìí ni Remo Stars ti na Niger Tornadoes ní àmì ayò 1 sí 0 ní oṣù kẹrin 2025 tí ife líìgì fi di tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì lọ́dún méjì léra wọn. Dáníẹ́lì Ògúnmọ́dẹdé ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà. Ìgbà ìkẹyìn tí Súùtìn gba líìgì, 1998 ni. Ẹ ò rí i pé kò rọrùn láti wọ ilé wọn, kí ẹ máa wo àsíá ife tí wọ́n ta sójú yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí kò lọ rí mọ̀ nìyí. Nínú líìgì wa, ẹni tó gbàlejò ló máa ń jẹ. Kì í ṣe oògùn. Bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń wọ̀: ẹ rò ó wò, El-Kanemi Warriors láti Máìdúgúrì wá sí Ìkẹ́nnẹ́. Ara agbábọ́ọ̀lù á ti kú kó tó so okùn bàtà. Lẹ́yìn ìyẹn, èrò ìlú á yí pápá ká, réfúrì náà ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni, ó mọ ọ̀nà tó máa gbà jáde. Nítorí náà ẹni tó bá tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn odi, ó ti mọ̀ nílé pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbo ewúro sí òun lójú. Ọ̀mì ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ má fi ọ̀mì ṣeré. Ní 1992, nígbà tí CAF kọ́kọ́ dá CAF Cup sílẹ̀, Súùtìn lọ bá Nakivubo Villa ní Kampala, wọ́n ta ọ̀mì 0 sí 0. Wọ́n padà wá sí Ìbàdàn, wọ́n fi 3 sí 0 nà wọ́n. Gbogbo ayé ń sọ nípa mẹ́ta yẹn. Alága ní òfo ti Kampala ló gba ife.

Ohun kejì ni ariwo. Nílé, ariwo kò ní olúwa rẹ̀, omi òkun ni. Lẹ́yìn odi, ẹ ò pọ̀, ẹ lè ka ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohùn Alága, mo mọ ti Akápò tó máa ń dún ṣáká lókè, mo sì mọ ti Àlàájá kan tó máa ń bá bọ́ọ̀sì àwọn ará Ìbàdàn wá, tó wọ jẹ́sì sórí ìró, tó so gèlè, tí fèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti ọlọ́pàá ojú pópó. Obìnrin ọjà ni. Bí réfúrì bá fọn fèrè sí wa, òun náà á fọn tirẹ̀ dá a lóhùn. Ní ìdajì kejì lọ́jọ́ kan, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa kan jókòó sílẹ̀ nítòsí ibi tí a wà, ó ń tún ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe, a rí i pé ó ti fi báńdéèjì wé orúnkún méjèèjì. Àlàájá pariwo sí i pé, "Ọmọ mi, má ṣe jókòó o, wọ́n ń bọ̀!" Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde. Tẹlifíṣọ̀n kì í fi irú èyí hàn.

Kí ẹ má rò pé ìjà la máa ń bá n'Íkẹ́nnẹ́. Èdè kan náà la jọ ń sọ, èébú wa dùn ju ti ibòmíì lọ. Wọ́n á ní ká padà lọ jẹ àmàlà, kó má baà tutù. Àwọn tiwa á ní ẹni tó ń mu gààrí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọdékùnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá, tó wọ aṣọ Remo Stars, ta omi fún wa, ó gba owó, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra mu ún, ọ̀fọ̀ ń bọ̀." Ọmọ ọdún mẹ́wàá!

Ìtàn ẹ̀yìn odi ti àwọn àgbà ló le. Lékan Sàlámì, tí pápá Adámásìngbà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ló darí IICC Shooting Stars, Súùtìn wa yìí náà, nígbà tí wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà ní 1976. Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ni wọ́n borí: 4 sí 1 nílé, wọ́n sì pàdánù 1 sí 0 lọ́hùn-ún. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Láwal, Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé, orúkọ wọ̀nyẹn kò jìnnà sẹ́nu ará Ìbàdàn títí dòní. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1977, wọ́n bá Rangers ti Ẹnúgù pàdé ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ogun abẹ́lé kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tó parí, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń mí gúlegúle. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a, wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n wá gbé èkejì lọ sí Kàdúná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pe pápá ní tirẹ̀. Ẹ̀yìn odi fún Ìbàdàn, ẹ̀yìn odi fún Ẹnúgù. Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì gba ọ̀nà jíjìn yẹn lọ. Bàbá Alága wà nínú wọn. Ọ̀mì ni wọ́n tún ta, Rangers fi pẹnáritì gba ọ̀nà lọ, wọ́n sì gba ife náà níwájú Canon Yaoundé. Alága máa ń sọ ìtàn yẹn bíi pé òun ló wakọ̀. Bàbá náà dé lọ́jọ́ kẹta, kò sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Súùtìn ti wó, ó ti dìde. Wọ́n já bọ́ kúrò ní líìgì àgbà ní 2017, 2021 ni wọ́n tó padà. Láàárín àwọn ọdún yẹn, ẹni tó ní òun ń ṣe Súùtìn ní Awoyaya, bí ẹni ń sọ pé òun ṣì ń lo tẹlifóònù olókùn ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí kò yí padà nígbà yẹn ju àwa tó darí dé nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ lọ.

Ìrìn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá baseball, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá ní sáà kan, ìdajì rẹ̀, 81, ní ìlú onílùú. Àwọn ọ̀rẹ́ á kó ara wọn sínú ọkọ̀, wọ́n á tẹ̀lé Yankees lọ sí Boston, wọ́n á jókòó sáàárín àwọn tó kórìíra wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2016 ni Premier League ti fẹnu kò pé owó tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kò gbọdọ̀ ju 30 pọ́n-ùn lọ, torí wọ́n mọ̀ pé pápá tí kò ní àlejò tó ń pariwo, kò dùn ún wò. Ajẹntínà ló ṣe òdìkejì: ní 2013, lẹ́yìn ikú olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan, wọ́n fòfin de àlejò nínú pápá. Tiwa kò ní òfin. Ọ̀nà ni òfin tiwa.

Nítorí ọ̀nà ló ń pa èèyàn. Ní oṣù kẹta 2015, àwọn adigunjalè dá bọ́ọ̀sì Kano Pillars lọ́nà nítòsí Lọ́kọ́ja, wọ́n yìnbọn lu agbábọ́ọ̀lù márùn-ún. Ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn eléré ìdárayá Kánò tó ń ti ìdíje gbogbo ìpínlẹ̀ bọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bọ́ọ̀sì wọn já sábẹ́ afárá nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n délé. Wọ́n ju ogún lọ tí wọ́n kú. Láti ìgbà yẹn, Akápò ti là á kalẹ̀: bí bọ́ọ̀lù bá parí tí ilẹ̀ ti ń ṣú, a ò ní gba inú igbó Ẹ̀pẹ́ mọ́, Ṣàgámù la máa gbà padà, kí gosiló máa jẹ gosiló. Bí awakọ̀ bá mu ọtí, a ò ní wọkọ̀ rẹ̀. A ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kan rí nítorí ìyẹn, a sì wá ọkọ̀ mìíràn lówó tó ju tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ráhùn, àfi ọmọ wa oní-páìpù tó ní kí wọ́n yọ òun kúrò nínú àfikún owó.

Ní àbọ̀, ẹnu kì í dákẹ́. Bí a bá ta ọ̀mì, orin ni. Bí wọ́n bá nà wá, Alága á máa to ẹ̀ṣẹ̀ réfúrì lọ́kọ̀ọ̀kan láti Ìlíṣàn títí dé ibi tí iná títì ti mọ́lẹ̀. Akápò á máa ṣírò owó: epo, tíkẹ́ẹ̀tì, ẹja Ẹ̀pẹ́, owó tí ọlọ́pàá kan gbà lọ́wọ́ awakọ̀ wa. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù òkè òkun á ti tú ká ní fíúìn sẹ́ńtà, ọ̀kan nínú wọn á bi wá pé, "Ẹ ti dé? Mélòó sí mélòó?" A ó sọ fún un. Láìpẹ́ yìí ó ní òun náà á bá wa lọ lọ́jọ́ kan, bí Arsenal ò bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tó kàn ni à ń jà lé lórí báyìí. Oní-páìpù ní Ìlọrin ni, ká lọ bá Kwara United, torí àbúrò ìyá òun wà níbẹ̀, a ò ní san owó ilé tí a máa sùn. Ọ̀rọ̀ ni. Alága fárígá pé Ẹnúgù lòun ń lọ, gbèsè tí Rangers jẹ bàbá òun láti 1977, wọn ò tíì san án. Akápò ṣí ìwé, ó wo orúkọ rẹ̀, ó ní kó kọ́kọ́ san owó epo Ìkẹ́nnẹ́.